Ewé Mọ́ínmọ́ín Kò Gbọdọ̀ Parẹ́ Nínú Ilé

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ní ìlú Mostar, ní orílẹ̀-èdè Bosnia àti Herzegovina, àwọn ìdílé a máa se àlùbọ́sà títí yóò fi rọ̀, wọn a yọ ìpele rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn a fi ẹran lílọ̀ àti ìrẹsì kún inú rẹ̀, wọn a sì tún un sè. Sogan-dolma ni wọ́n ń pè é.

Ohun tí wọ́n fi àlùbọ́sà ṣe ni Yorùbá fi ewé eéran ṣe. Bí ìyá bá fẹ́ pọ́n mọ́ínmọ́ín, yóò ká ewé bí àrọ, yóò ṣẹ́ ìdí rẹ̀ kí ó má baà jò, yóò bu ẹ̀wà lílọ̀ sí i, yóò sì tò ó sórí igi ìdí ewé nínú ìkòkò.

Ọ̀rá ti gba ipò ewé ní ọ̀pọ̀ ilé. Iṣẹ́ rẹ̀ yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní òórùn ewé, kì í jẹrà nílẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni a ṣe fún iná. Èyí tó burú jù ni pé ọmọ tí kò bá rí i kọ́ kò ní rí i fi kọ́ ọmọ tirẹ̀.

Kí òbí àti olùkọ́ fi ewé lé ọmọ lọ́wọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin. Bí tàkọ́kọ́ bá jò, kí wọ́n fún un ní ewé mìíràn.