Kí Àkàndá Ẹ̀dá Náà Ráyè Gbin Igi

Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin aṣáájú ìjọ àti ti mọ́ṣáláṣí, tí ẹ máa ń kó èèyàn jáde láti gbin igi, láti ṣa ike létí ọ̀sà tàbí láti kó pàǹtí kúrò lójú àgbàrá, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ mi ń bá wí. Láti ìgbà tí ìjọba ológun ọdún 1984 sí 1985 ti sọ ìmọ́tótó àyíká di kànńpá, títí dé òní tí ìpínlẹ̀ Èkó ń ya ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Keje sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún igi gbígbìn, abarapá nìkan ni a mọ̀ ọ́n pè síṣẹ́. Àwọn baba wa pe arọ, abuké àti àfín ní ẹni òrìṣà, wọ́n ní Ọbàtálá Alábàláṣẹ ni ó mọ wọ́n bẹ́ẹ̀ tí ó sì fi wọ́n ṣe tirẹ̀. Àwa tí a jogún orúkọ náà ni a wá ń kí wọn lójú ọ̀nà, tí a ń ta wọ́n lọ́rẹ, tí a sì ń kọjá lọ síbi iṣẹ́ láìpè wọ́n.

Ẹ wo igbó Lekki, tí ẹgbẹ́ Nigerian Conservation Foundation dá sílẹ̀ lọ́dún 1990. Irà pọ̀ nílẹ̀ ibẹ̀, bí kì í bá sì í ṣe ti pákó tí wọ́n tẹ́ sójú ọ̀nà, abarapá kankan kò ní í rìn ín já kí ẹrẹ̀ má mù ún dé orúnkún. Síbẹ̀, n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe pákó náà ní àánú tí a ṣe ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Èé ṣe, nígbà náà, tí ó fi jẹ́ pé bí ẹni tí ń fi kẹ̀kẹ́ arọ rìn bá bẹ̀bẹ̀ pé kí a fi ọ̀nà onígẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kún àtẹ̀gùn, a óò máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ojúure ni ó ń tọrọ? Ohun tí ó ń béèrè kò ṣòro: ibi tí ó bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà 1, kí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Iṣẹ́ àyíká kì í sì í ṣe ilẹ̀ gbígbẹ́ nìkan. Kí igi tó dé inú kòtò, ẹnìkan ti bu ilẹ̀ sínú ọ̀rá, ó ti ri hóró sí i, ó ti ń bomi rin ín, gbogbo èyí ni a sì lè jókòó ṣe nídìí tábìlì tí orúnkún wọ abẹ́ rẹ̀. Àwọn tí ń ka ẹyẹ inú igbó mọ̀ pé ewé kì í jẹ́ kí ojú rí púpọ̀, etí ni a fi ń mọ̀ pé ẹlulùú ni ó ké, kì í ṣe àdàbà: ta ni ó wá lè sọ pé afọ́jú kò lè ṣe é? Adití ń fẹ́ ògbufọ̀ tí ó gbọ́ èdè ọwọ́, àti àsíá tí a óò jù sókè bí ewu bá ń bọ̀. Ní ti àfín, oòrùn ni ọ̀tá rẹ̀. Kí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ ti ìdájí tàbí ti abẹ́ ibòòji, pẹ̀lú fìlà gbàràgàdà àti ẹ̀wù alápá gígùn.

Ṣùgbọ́n a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ẹ lọ bá ẹgbẹ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá àdúgbò yín kí ẹ tó mú ibi tí ẹ óò ti ṣiṣẹ́, kí ẹnìkan nínú wọn bá yín lọ wo ilẹ̀ náà, ọ̀nà tí ó wọ ibẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ọkọ̀ tí yóò gbé wọn padà sílé. Bí wọ́n bá dé, ẹ má ṣe ti kẹ̀kẹ́ ẹnikẹ́ni láìgbàṣẹ. Ẹ má fa afọ́jú lọ́wọ́, ìgúnpá yín ni kí ẹ jẹ́ kí ó dì mú. (Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ fi ẹ̀rọ ayàwòrán sápò, iṣẹ́ ni wọ́n bá wá, wọn kò wá kí a fi wọ́n ṣe ìran.)

Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣòfin nípa ẹ̀tọ́ wọn lọ́dún 2011, Ààrẹ Buhari sì fọwọ́ sí ti gbogbo Nàìjíríà ní oṣù Kíní ọdún 2019, pẹ̀lú ọdún 5 tí a fún àwọn tó ni ilé ìlò gbogbo ènìyàn kí wọ́n tún un ṣe. Ọdún 5 náà ti pé. Àmọ́ kò sí ọlọ́pàá tí yóò dúró tì yín létí odò láàárọ̀ Sátidé. Nínú ìwé ìkéde iṣẹ́ yín tí ń bọ̀, ẹ kọ nọ́ńbà tẹlifóònù ẹni tí àkàndá ẹ̀dá lè sọ ohun tí ó nílò fún, kí ẹni náà sì jẹ́ ẹni tí ó ń gbé ìpè.