Kí Ló Sọ Oògùn Di Ọ̀wọ́n?

Àwọn àgbà ní ìlera loògùn ọrọ̀. Lóde òní, ẹni tí kò lọ́rọ̀ kò rí oògùn ìlera rà. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń po oògùn a máa ní owó ìwádìí ló fà á. Lóòótọ́ ni ìwádìí ń náni lówó, àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo oògùn tó ń kápá kòkòrò HIV.

Ní ọdún 2000, oògùn ọdún kan fún aláìsàn kan ń tó $10,000. Ní oṣù Kejì ọdún 2001, Cipla, iléeṣẹ́ kan ní Íńdíà, ní òun yóò tà á fún àjọ Médecins Sans Frontières ní $350. Lásìkò náà, iléeṣẹ́ 39 ti gbé ìjọba South Africa lọ sí kóòtù nítorí òfin tó máa mú kí oògùn dínwó. Nígbà tí ariwo pọ̀, wọ́n jáwọ́ nínú ẹjọ́ náà lóṣù Kẹrin.

Ṣé ìwádìí ló ṣàdédé di ọ̀pọ̀? Rárá o. Ẹlòmíì ló wọ ọjà.

Púpọ̀ nínú oògùn tí à ń lò ní Nàìjíríà ló ń ti òkèèrè wá. Bí a kò bá po tiwa, iye tó bá wu ọlọ́jà ni yóò máa pè. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ ká bi àwọn tó ń wá ìbò wa: kí ni wọ́n fẹ́ ṣe sí i?