Ilẹ̀ Ọ̀pọ̀, Ọ̀nà Ọ̀wọ́n

Ìmọ̀ràn kan gbòde láàárín àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin, tí àwọn alágbàtà ilẹ̀ kò sì jẹ́ kí ó sinmi lẹ́nu wọn, pé kàkà kí ènìyàn kó gbogbo owó tí ó yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lé orí ìdajì púlọ́ọ̀tì ní Tankẹ nínú Ìlọrin, kí ó kúkú wá sí ìhà ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, ní Èsìẹ́, níbi tí owó kan náà yóò ti ra ilẹ̀ tí ọmọdé lè gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀, kí ó kọ́lé síbẹ̀, kí ó sì máa wọ ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní àràárọ̀. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ Èsìẹ́, tí ó yẹ kí inú mi dùn pé ìlú mi ń gba àlejò, ni mo ń sọ ọ́ láìfi epo bọ iyọ̀ pé ìmọ̀ràn òmùgọ̀ ni.

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, ilẹ̀ tó súnmọ́ iṣẹ́ náà sì rèé. Owó ilẹ̀, bí ó ti wù kí ó ga tó, ẹ̀ẹ̀kan ni à ń ná an: a ó dúnàádúrà, a ó san án, a ó gba ìwé, ó tán. Owó ọ̀nà ni kò ní òpin, kò sì sí ẹni tí ń bá wa dúnàádúrà lórí rẹ̀. Ẹlòmíràn ní í jí ní òwúrọ̀ tí í dá iye rẹ̀ lé wa lórí. Àwọn tí wọ́n ti ṣírò tiwọn kí ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tó dé, nígbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, ṣe bí ọlọ́gbọ́n ni àwọn. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, jálá tí kò tó 200 náírà nílé epo ìjọba ti kọjá 500, ìṣirò wọn sì dàbí omi tí a dà sínú agbọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe é bí ọmọ iléèwé. Bí awakọ̀ bá gba 1,500 náírà ní àlọ, tí ó gba 1,500 ní àbọ̀, ọjọ́ iṣẹ́ 22 nínú oṣù yóò jẹ 66,000 náírà, bẹ́ẹ̀ sì ni 70,000 ni owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin ọdún 2024 là sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́. Bí ìrìn náà bá gba wákàtí 2 péré lóòjọ́, ọdún kan yóò gba wákàtí 528, èyí tí í ṣe ọjọ́ 22 gbáko, tọ̀sán tòru, tí ènìyàn fi jókòó sẹ́yìn awakọ̀ tí ń yà fún kòtò. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò mọ ibi tí oòrùn ń gbà wọ pálọ̀ ilé ara rẹ̀. Ẹ bi àwọn ọmọ wa tí wọ́n kọ́lé sí Mówé àti Ìbàfò, tí iṣẹ́ wọn wà ní Èkó.

Àwọn bàbá wa kò gọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ní oko etílé a máa lọ, a máa bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí oko rẹ̀ wà nínú ẹgàn a dá abà síbẹ̀, a sùn ti iṣẹ́ rẹ̀, a sì wọ ìlú nígbà ọdún tàbí nígbà òkú. Àwa ọmọ Ìgbómìnà, tí ìtàn sọ pé inú “ogbó mọ̀nà” ni orúkọ wa ti jáde, nítorí ogbó, irú àdá kan, tí Ọ̀ràngún baba ńlá wa fi la ọ̀nà, kò yẹ kí á ṣì í mọ̀. Ogbó náà la ọ̀nà dé ibi tí a ó tẹ̀dó sí. Kò la ọ̀nà tí a ó máa rìn lọ rìn bọ̀ títí di ọjọ́ alẹ́.

Wọ́n ní ìlú ń gbòòrò, pé Gánmọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi orí kan orí pẹ̀lú Ìlọrin. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n Ìdófìàn àti Àjàṣẹ́-Ìpo ṣì wà lágbedeméjì, ẹni tí ó bá sì ń dúró de Ìlọrin kí ó wá bá òun ní Èsìẹ́ yóò ti hu ewú tán. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ọ̀rọ̀, tàbí ní Yunifásítì Landmark tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Òmù-Àrán ní ọdún 2011, kí ó wá kọ́lé sọ́dọ̀ wa. N kò bá irú wọn jà. Àwọn ère òkúta wa tí wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún, tí a tìtorí wọn dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sílẹ̀ níhìn-ín ní ọdún 1945, ọ̀pọ̀ wọn ló jókòó lórí àpótí. Mo máa ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ pé àwọn ni ará Èsìẹ́ tí ilé àti iṣẹ́ wọn wà lójú kan náà.

Ìwọ òṣìṣẹ́ Ìlọrin, ra ìdajì púlọ́ọ̀tì rẹ ní Tankẹ, kí o kọ́ yàrá méjì sí i. Bí o bá sì ti ra ti Èsìẹ́ ná, gbin ẹ̀gẹ́ sí i títí ìwọ yóò fi fẹ̀yìn tì.