Ta Ni Ààrẹ Ẹgbẹ́ Àwọn Àgbẹ̀?

Ẹgbẹ́ AFAN ló yẹ kó jẹ́ ẹnu kan fún àgbẹ̀ Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ó ju ẹni kan lọ tó ti ń pe ara rẹ̀ ní ààrẹ rẹ̀. Ìdí ìjà kò fara sin. Nígbà tí báńkì àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò Anchor Borrowers ní ọdún 2015, nípasẹ̀ ẹgbẹ́ ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ fi gba ẹ̀yáwó rẹ̀. Ẹni tí ìwé orúkọ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ní agbára.

Wọ́n á ní àwọn ń lọ sí kóòtù. Òjò kò ní dúró de adájọ́! Ní tèmi, kí ìwé orúkọ má ṣe gbé ilé alága, kí wọ́n sì ka ìṣirò owó sétígbọ̀ọ́ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Súrátul-Bakọrah, áyà 282, ní kí á kọ gbèsè sílẹ̀ pẹ̀lú ẹlẹ́rìí. Mélòó nínú ẹgbẹ́ wa ló ń ṣe é?