Fèrèsé Tí Ń Dá Ṣí: Ǹjẹ́ Ilé Yorùbá Ṣì Ń Mí?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ inú rẹ̀. Ìkìlọ̀ ni òwe yìí jẹ́ fún ẹni tí ó bá ń gba ọ̀tá láàyè. Ṣùgbọ́n ní ti ilé gbígbé, ọ̀rọ̀ gba ọ̀nà mìíràn yọ. Ògiri tí kò bá lanu rárá, aláǹgbá kò ní wọ ibẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n atẹ́gùn náà kò ní wọ ibẹ̀. Ẹni tí ń gbé inú rẹ̀ ni yóò jìyà ooru. Ìyà yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ onílé ń fi owó ara wọn rà lóde òní, ní Èkó, ní Ìbàdàn, àti ní àwọn ìlú ńláńlá mìíràn nílẹ̀ Yorùbá.

Ní òkè òkun, àwọn ilé kan ti wà tí fèrèsé wọn ń dá ṣí, tí ó sì ń dá tì. Wọ́n kan àwọn ẹ̀rọ kéékèèké mọ́ ara ilé. Ọ̀kan ń wọn ooru inú yàrá. Òmíràn ń wọn bí afẹ́fẹ́ tí ènìyàn ti mí síta ṣe pọ̀ tó. Òmíràn ń ṣọ́ ìjì àti òjò. Kọ̀ǹpútà ń gba ìròyìn gbogbo wọn jọ, a sì pàṣẹ fún mọ́tò kékeré tí ó wà lẹ́nu fèrèsé pé kí ó ṣí i tàbí kí ó pa á dé. Irú rẹ̀ ni ilé gogoro tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà parí sí ìlú San Francisco ní ọdún 2007. Ní àwọn àjà òkè ilé náà, atẹ́gùn tí ń gba inú fèrèsé kọjá ni àwọn òṣìṣẹ́ fi ń tura. Ní òru, kọ̀ǹpútà a ṣí fèrèsé sílẹ̀ kí òtútù lè wọ inú kọnkéré, kí ilé lè tutù di ọ̀sán ọjọ́ kejì.

Ohun ìyanu ni èyí. Ṣùgbọ́n kí ni ẹ̀rọ náà mọ̀ tí àwọn baba ńlá Yorùbá kò mọ̀? Yorùbá kì í fi orúkọ kan ṣoṣo pe gbogbo ohun tí ń fẹ́. Atẹ́gùn ni ó ń tu ni lára, ìjì ni ó ń ṣí òrùlé, ọyẹ́ ni ó ń bẹ́ ni létè. Ẹni tí ó mọ orúkọ wọn mọ èyí tí ó yẹ kí a ṣílẹ̀kùn fún àti èyí tí ó yẹ kí a tìlẹ̀kùn mọ́. Ní agbo ilé àtijọ́, ògiri amọ̀ nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ọjọ́ fi ń rọ̀ kí ooru òòrùn tó dé inú yàrá. Koríko bẹẹrẹ tí wọ́n fi bo òrùlé kì í gbóná bíi páànù. Àgbàlá tí kò ní òrùlé wà láàárín. Ibẹ̀ ni ooru ń gbà gòkè lọ, tí atẹ́gùn sì ń gbà wọlé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí i ká, ó sì ń fi òjìji bo ògiri.

Kò sí ẹni tí yóò sọ pé gbogbo rẹ̀ ló dára. Yàrá inú agbo ilé ṣókùnkùn, fèrèsé rẹ̀ kò ju ihò lọ, èéfín ààrò sì ń pọ́n àwọn ìyá lójú. Ṣùgbọ́n oorun àti ẹrù ni yàrá wà fún. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ilé gan-an: níbẹ̀ ni wọ́n ti ń parí ìjà, tí wọ́n ti ń gba àlejò, tí àwọn ọmọdé sì ti ń gbọ́ àlọ́.

Nígbà tí ayé ń yí, ọgbọ́n yìí kò parun. Àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Brazil padà dé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún kọ́ petéèsì sí Èkó, wọ́n sì fi fèrèsé gíga onípákó sí i. Lẹ́yìn tí wọ́n dá Yunifásítì Kọ́lẹ́jì sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1948, Maxwell Fry àti Jane Drew, tọkọtaya ayàwòrán-ilé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ya ilé tẹ́ẹ́rẹ́ tí atẹ́gùn lè gba ẹ̀gbẹ́ kan wọ̀ kí ó sì gba èkejì jáde, wọ́n sì fi búlọ́ọ̀kù oníhò ṣe ògiri níbi tí ó yẹ. Ní Ifẹ̀, Arieh Sharon, ará Ísírẹ́lì, ya ilé tí àjà òkè rẹ̀ yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, kí tòkè lè máa ṣíji bo tìsàlẹ̀. Títí di òní ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń jókòó lábẹ́ òjìji náà.

Kí ló wá dé tí ilé tuntun fi ń gbóná bí ààrò? Wọ́n gé ọ̀dẹ̀dẹ̀ kúrò kí yàrá lè pọ̀ sí i. Wọ́n kọ́ yàrá ti yàrá, ó wá ku fèrèsé kan ṣoṣo fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n yọ fèrèsé onílúfà tí ń ṣí tán, wọ́n fi èyí tí a ń wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́pò rẹ̀ nítorí pé ó bá ìgbà mu. Bẹ́ẹ̀ ni ìdajì rẹ̀ péré ni ó ń ṣí. Ooru mú, wọ́n ra ẹ̀rọ amúlétutù. Iná lọ, wọ́n ra jẹnẹrétọ̀. Jẹnẹrétọ̀ ń hó lẹ́yìn ilé, wọ́n pa fèrèsé tí ó kù dé. Àìmọye ìdílé ni wọ́n ti sùn bẹ́ẹ̀ tí wọn kò jí mọ́, nítorí èéfín tí ojú kò rí tí imú kò sì gbóòórùn.

Àwọn kan yóò ní olè ń bẹ, ẹ̀fọn ń bẹ, eruku ọyẹ́ sì ń bẹ. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n irin ni a fi ń dènà olè, nẹ́ẹ̀tì ni a fi ń dènà ẹ̀fọn. Kì í ṣe ògiri tí kò lójú. Àwọn mìíràn yóò ní kí a ra fèrèsé tí ń dá ṣí náà wálé. Kí wọ́n rántí pé òru San Francisco tutù, òru Èkó kò tutù bẹ́ẹ̀. Òtútù òru kò tó láti gbẹ́kẹ̀ lé níhìn-ín. Atẹ́gùn tí ń fẹ́ lu ara kí òógùn lè gbẹ ni ìtura. Atẹ́gùn náà kò sì ní wọlé bí kò bá rí ọ̀nà àbájáde. Bí iná bá sì lọ, ta ni yóò ṣí fèrèsé tí mọ́tò ń ṣí?

Ẹ̀rọ náà kì í ṣe ọ̀tá. Ó wúlò ní gbọ̀ngàn ńlá àti ní ilé ìwòsàn, níbi tí fèrèsé ti ga ju ibi tí ọwọ́ lè tó lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ lè ṣí fèrèsé. Kò lè ṣí ògiri. Ilé ni kí a kọ́kọ́ kọ́ re, kí a tó wá ẹ̀rọ sí i.

Ní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà gbé ìlànà jáde lórí bí ilé kò ṣe ní máa jẹ iná jù. Ìlànà inú ìwé kò tó. Kí àwọn tí ń fọwọ́ sí àwòrán ilé máa béèrè ibi tí atẹ́gùn yóò gbà wọ̀ àti ibi tí yóò gbà jáde kí wọ́n tó lu òǹtẹ̀. Kí onílé fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ sílẹ̀, kódà bí yàrá kan yóò bá dín. Kí olùkọ́ má fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọ́ ọmọ bí ìtàn àtijọ́ lásán; kí ó fi kọ́ ọ bí ọgbọ́n tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kò yẹ kí ẹni tí ó ní ọgbọ́n nílé máa sanwó rẹ̀ lóde kí ó tó lè mí.