Owó Ta Ni A San Lórí Ìyàwó?

Bí ọdún bá ti ń lọ sí òpin, tí òjò sì dá, kò sí Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan tí a kì í gbọ́ ìlù ìgbéyàwó láti Àkúrẹ́ títí dé Oǹdó. Inú wa a máa dùn. A ó wọ aṣọ ẹbí, a ó jẹ, a ó mu, a ó sì súre pé ẹ̀yìn ìyàwó kò ní mọ ẹní. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í bèèrè lọ́jọ́ náà nítorí ìtìjú: owó ta ni wọ́n fi ṣe é? Ìbéèrè náà ni mo fẹ́ bèèrè lónìí, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn àgbà bí ẹnu mi bá mú jù.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò gùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tàbí ọ̀dọ́mọbìnrin tí gbèsè olówó èlé wà lọ́rùn rẹ̀, kí ó san án kí a tó gbé obì kalẹ̀. Bí kò bá lè san án tán, kí ó sọ ọ́ fún ẹni tí ó fẹ́ fẹ́. Ẹni tí ó bá gbé ìyàwó lórí gbèsè tí ó fi pamọ́, ó ti sọ ọmọ ọlọ́mọ di ìwọ̀fà láìjẹ́ kí ó mọ̀.

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ ohun tí ìwọ̀fà jẹ́. Samuel Johnson, àlùfáà tí ó kọ ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ṣe àlàyé rẹ̀ dáradára. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Ọmọ ìlú ni bí àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n nígbà tí òkú bá kú, tàbí tí àìsàn bá dé, tàbí tí a fẹ́ gbé ìyàwó, tí owó kò sì sí, ènìyàn a lọ yá owó, a sì fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ dógò. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó rẹ̀ ni èlé owó náà. Ẹ fi ojú sílẹ̀ níbẹ̀ dáradára: èlé ni, kì í ṣe ojú owó. Ìbá à ṣe ọdún kan, ìbá à ṣe ogún ọdún, iye tí a yá kò dín. Ọjọ́ tí a bá kó ojú owó kalẹ̀ ní pípé ni ìwọ̀fà tó bọ́.

Nígbà tí kòkó di ọlá ní agbègbè wa yìí, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi oko dógò. Ẹni tí ó yá wa lówó ni yóò máa ká kòkó ibẹ̀ ní ọdọọdún, kòkó tí ó ká kò sì dín gbèsè náà kù. Orúkọ ni ó yípadà. Ìwà gbèsè kò yípadà. Ẹni tí ó ń fi gbogbo agbára rẹ̀ san èlé, tí ojú owó sì dúró gbọnin níbi tí ó wà, ìwọ̀fà ni, ìbá à wọ kóòtù, ìbá à so táì mọ́ ọrùn.

Àwọn baba wa mọ bí a ti ń gba owó lọ́wọ́ onígbèsè. Johnson náà ni ó sọ nípa ológò. Bí onígbèsè bá kọ̀ tí kò san, ológò a wá sí ilé rẹ̀, a jókòó tì í, a máa pariwo, a máa bèèrè oúnjẹ, a sì máa pa adìẹ tí ó bá rí, títí ojú yóò fi ti gbogbo agbo ilé, tí wọn yóò fi wá owó náà san. Lẹ́yìn náà ni àwọn oníṣòwò aṣọ dé láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, àwọn tí a ń pè ní òṣómàáló. Wọn a ta aṣọ láwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Bí ọjọ́ bá pé, wọn a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà, wọn kò sì ní dìde títí owó yóò fi pé. Àwa ọmọdé a máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi kò mọ̀ pé ọjọ́ tèmi ń bọ̀.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2007 ni mo gbé ìyàwó. Akọ̀wé ni mí nígbà náà gẹ́gẹ́ bí mo ti jẹ́ lónìí, owó oṣù mi sì jẹ́ 26,000 náírà. Ó yẹ kí n ṣe é níwọ̀n, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ mi kan ti ṣe tirẹ̀ ní oṣù méjì ṣáájú, ó pe olórin, ó pa màlúù. Mo lọ sí ọ̀dọ̀ màmá kan tí ń ta aṣọ ní ọjà, mo yá 120,000 náírà lọ́wọ́ rẹ̀, ní kọ́bọ̀ mẹ́wàá lórí náírà kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù. Ọjọ́ ìgbéyàwó dùn. Àwọn àna mi yìn mí pé ọmọlúwàbí ni mí. Láti oṣù kejì ni mo ti ń gbé 12,000 náírà lọ fún màmá náà. Mo sọ fún ìyàwó mi pé ìyókù ni owó oṣù mi. Oṣù méjìlá ni mo fi san bẹ́ẹ̀, ìyẹn 144,000 náírà, ojú owó sì tún jẹ́ 120,000 síbẹ̀. Nígbà tí oyún ìyàwó mi wọ oṣù tí ó kẹ́yìn, tí owó ilé ìwòsàn dé, n kò lè gbé nǹkan kan lọ mọ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún un.

Ní oṣù kìíní ọdún 2009, a ń sọ ọmọ wa lórúkọ ní Ìlú-Abo níbí. Àwọn àgbà ti tọ́ oyin wò, wọ́n ti tọ́ iyọ̀ wò, nígbà tí mo gbé ojú sókè tí mo rí màmá náà lábẹ́ àgọ́. Ó ki gbogbo ènìyàn. Ó fi owó sínú àwo omi fún ọmọ, ó sì pè é ní orúkọ. A gbé oúnjẹ fún un, kò jẹ ẹ́. Mo sún mọ́ ọn, mo kúnlẹ̀. Ó wí fún mi wẹ́rẹ́ pé, “Ẹ kú ewu ọmọ, ọmọ mi. Èmi kò wá jà. Mo kàn wá jókòó ni.” Ó sì jókòó. Àwọn àlejò lọ, a ká àgọ́, ilẹ̀ ṣú, ó ṣì jókòó lórí àga rẹ̀, ó ká ọwọ́ lé itan.

Ìyàwó mi bi mí pé ta ni ìyá yẹn. Mo purọ́, mo ní àǹtí ọ̀rẹ́ mi ni. Kò pẹ́ tí ó fi gbọ́ òtítọ́ láti ẹnu màmá náà fúnra rẹ̀. Mo retí pé yóò bú mi, ṣùgbọ́n kò bú mi. Ó gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, ó wò mí, ó ní, “Olówó orí mi, owó ta ni ẹ san lórí mi?”

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá gbọ́ tí obìnrin kan pe ọkọ rẹ̀ ní olówó orí mi, ara mi a máa bù máṣọ. Ó ta ẹ̀gbà ọrùn wúrà tí ìyá rẹ̀ fún un lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ó rí 70,000 náírà. Ó gba èsúsú rẹ̀ ṣáájú ọjọ́, ó rí 50,000. A san ojú owó náà. Màmá náà, Ọlọ́run bùkún fún un, dárí èlé ìyókù jì wá. Títí ìyá ìyàwó mi fi wọ káà ilẹ̀, ó rò pé ọmọ òun sọ wúrà náà nù ni, ó sì máa ń bá a wí pé kò mọ ohun ìní tọ́jú. Ìyàwó mi a dákẹ́. Èmi náà a dákẹ́. Gbèsè mi ni a fi ìdákẹ́ yẹn san títí dé òpin.

Ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ológò ti kú. Inú fóònù ni ó kó lọ. Àwọn ayánilówó orí íntánẹ́ẹ̀tì ń yá ènìyàn lówó láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, láìbèèrè onígbọ̀wọ́. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wọn ti fi gbogbo orúkọ tí ó wà nínú fóònù onígbèsè ṣe onígbọ̀wọ́. Bí ọjọ́ bá kọjá, wọn a kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀, sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, sí àna rẹ̀, pé olè ni. Ìwà yìí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àjọ FCCPC, tí ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, fi ya wọ àwọn ilé iṣẹ́ kan ní Èkó ní oṣù kẹta ọdún 2022, tí ó sì gbé ìlànà ìforúkọsílẹ̀ kalẹ̀ fún wọn lọ́dún kan náà. Ní ọdún 2025, ó tún gbé òfin tuntun jáde lórí wọn. Àwọn báǹkì pàápàá kò sùn. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni Báǹkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa ti gbà pé bí ẹni tí ó yá owó ní báǹkì kan kò bá san, kí a yọ ọ́ nínú owó tí ó ní sí báǹkì mìíràn. Owó oúnjẹ lè ti lọ kí ìyàwó tó dá ọjà.

Àwọn kan yóò wí pé, “Bí a bá ní kí a san gbèsè tán kí a tó gbé ìyàwó, a ó darúgbó.” Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin fi lélẹ̀ ní ọdún 2024 ni 70,000 náírà, a sì mọ iye tí ìwọ̀n ìrẹsì kan jẹ́ lọ́jà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò. Bí ẹni tí ń gba 70,000 bá jẹ 600,000 náírà ní kọ́bọ̀ márùn-ún lórí náírà lóṣù, 30,000 ni yóò máa bá èlé lọ lóṣooṣù. 40,000 ni ó kù. Ẹnì kan lè fi ìyẹn jìyà ní ìdákẹ́jẹ́. Ẹni mẹ́ta kò lè fi í jẹun. Ìdúró ọdún kan tàbí méjì láti gba ara ẹni sílẹ̀ kò pẹ́ ju ọdún mẹ́wàá tí a ó fi sin olówó pẹ̀lú aya àti ọmọ.

Kì í sì ṣe gbogbo gbèsè ni ó burú. Aránṣọ tí ó yá owó ra ẹ̀rọ, tí ẹ̀rọ náà sì ń san owó ara rẹ̀, ọgbọ́n ni ó ṣe. Èyí tí mo ń bá jà ni gbèsè tí a jẹ tán lọ́jọ́ kan, tí a ó fi ọdún púpọ̀ san, àti gbèsè tí a fi ìrètí ohun tí kò tíì dé jẹ. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, iye owó tọ́ọ̀nù kòkó kan ní ọjà àgbáyé ré kọjá 10,000 dọ́là, irú èyí tí a kò rí rí. Kí ọdún 2025 tó parí, ó ti já wálẹ̀ gidigidi. Ẹni tí ó gbé ìyàwó ní àwìn lórí ìkórè ọdún tí ń bọ̀, ẹ bi í léèrè bí ó ti rí.

Kí ni kí a ṣe? Kí ẹni tí ó ń múra àtigbé ìyàwó mú ìwé, kí ó kọ gbogbo gbèsè rẹ̀ sílẹ̀, kí ó ya ojú owó sọ́tọ̀, kí ó ya èlé sọ́tọ̀. Kí ó kọ́kọ́ kọjú ìjà sí èyí tí èlé rẹ̀ ga jù. Bí ó bá wà nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, kí ó yá owó níbẹ̀ ní èlé kékeré láti fi pa ti èlé ńlá. Ọdún 1935 ni a ti ṣe òfin àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ yìí. Kí ó má sì sá nítorí ìbẹ̀rù ọlọ́pàá, nítorí òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 kò gbà kí a mú ènìyàn nítorí gbèsè lásán. Sísá ni ó ń sọ onígbèsè di ẹni ẹ̀tẹ́. Lẹ́yìn náà, kí ó gbé ìwé náà síwájú ẹni tí ó fẹ́ fẹ́, kí òun náà sì gbé tirẹ̀ kalẹ̀. Bí ẹni náà bá sá nítorí ìwé, ó sàn kí ó sá nísinsìnyí ju kí ó rí ológò lọ́jọ́ ìkómọ.

Ẹ̀yin òbí ní Àkúrẹ́, ní Oǹdó àti ní gbogbo ìletò wa, mo fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ yín. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó máa ń dá owó orí padà lọ́jọ́ ìdána, tí ẹ ń wí pé ẹ kò ta ọmọ. Ó dára, ìwà ẹ̀yẹ ni. Ṣùgbọ́n kí ni èrè rẹ̀, bí ẹ bá dá owó orí padà ní ọwọ́ ọ̀tún, tí ẹ sì fi ọwọ́ òsì nawọ́ ìwé ẹrù tí ó gùn bí okùn kànga, àti iye aṣọ, àti iye àlejò? A máa ń wí pé ikú yá ju ẹ̀sín. Ẹ̀sín wo ni ó tó kí olówó jókòó sí àárín ilé lọ́jọ́ tí à ń sọ ọmọ-ọmọ yín lórúkọ? Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ṣe bí ẹ ti mọ. Obì, orógbó, ataare àti àdúrà àwọn àgbà tó láti so tọkọtaya pọ̀. Ìyàwó tí a gbé pẹ̀lú abọ́ ìrẹsì díẹ̀ kò dín ní ìyàwó. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí aya yín bi yín ní ìbéèrè tí tèmi bi mí.

Èmi ni,
Akọ̀wé kan ní Ìlú-Abo.