Bí Ọṣẹ Bá Tètè Ki, Ẹ Fura

Bí ọyẹ́ bá ti ń mú, ìbéèrè kan náà ni àwọn ọ̀rẹ́ mi tí ń ṣe ọṣẹ nílé máa ń bi mí: kí ló dé tí ọṣẹ tí ó tètè ki nínú abọ́ fi ń ta ni lára? Bí ìwọ̀n sódà bá tọ̀nà, ìgbóná ni mo máa ń ní kí wọ́n yẹ̀ wò. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó ki ni ó ti di ọṣẹ.

Àdín àti òrí ni púpọ̀ nínú wa ń lò, òtútù a sì máa mú kí àwọn méjèèjì dì. Bí wọ́n bá pàdé omi sódà tí ó ti tutù jù, wọn a dì, àpòpọ̀ náà a sì ki bí ẹ̀kọ. Ẹni tí ń rò ó a gbà pé iṣẹ́ ti parí, bẹ́ẹ̀ sódà tútù ṣì lè wà nínú rẹ̀ tí yóò jó awọ ọmọdé.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ẹ gbé abọ́ náà sínú omi gbígbóná, kí ẹ sì rọra máa rò ó. Bí ó bá yọ́ padà, òtútù ló dì í. Ẹ má dẹ́kun títí yóò fi ki nígbà tí ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó ti ń di ọṣẹ nìyẹn.

Ìgbóná àpọ̀jù náà ní ewu tirẹ̀. Sódà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sínú omi lè mú un gbóná dé ìwọ̀n 80 lórí òṣùwọ̀n Celsius láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Sódà ni a ń dà sínú omi. A kì í da omi lé sódà, kí ó má baà ta sí wa lójú. Bí a kò bá jẹ́ kí ó rọlẹ̀, àpòpọ̀ lè ru kọjá etí abọ́, tàbí kí ọṣẹ là láàárín. Bí ó bá ń là, ẹ ká aṣọ tí ẹ fi bò ó kúrò, kí ẹ sì gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́.

Tẹmómítà ni adájọ́ tèmi. Mo máa ń dúró títí omi sódà àti òróró yóò fi wà láàárín ìwọ̀n 40 sí 45 kí n tó pò wọ́n, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti awò lójú. Lẹ́yìn tí mo bá gé ọṣẹ náà, yóò gbẹ fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí ó tó kan ara ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe é tà, àti ẹ̀yin tí ẹ ó fi wẹ ọmọ yín, a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.